Àfonífojì Wissahickon: Ìrìn Ọjọ́ Kan Lábẹ́ Ibòòji

Bí ènìyàn bá ti pẹ́ nínú ìlú Philadelphia, tí etí rẹ̀ ti kún fún ariwo ọkọ̀, tí ojú rẹ̀ kò sì rí nǹkan mìíràn ju bíríkì àti ọ̀dà títì lọ, yóò ṣòro fún un láti gbà pé nínú ìlú yìí kan náà, kì í ṣe ní ẹ̀yìn odi rẹ̀, kì í ṣe ní ìrìn ọjọ́ méjì, ni àfonífojì kan wà tí ó jìn, tí ó tutù, tí igi fi orí kan orí lókè rẹ̀ débi pé ní ọ̀sán gangan oṣù Agẹmọ, nígbà tí ọ̀dà ń yọ́ lójú pópó, ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ yóò kọ́kọ́ dúró, yóò mí kanlẹ̀, kí ó tó rántí pé ìrìn ni òun wá rìn. Odò tí ó gbẹ́ àfonífojì náà ni à ń pè ní Wissahickon. Inú èdè àwọn Lenape, àwọn tí ó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, ni orúkọ yìí ti wá. Àwọn kan ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni odò ẹja àrọ̀, àwọn mìíràn ní odò aláwọ̀ ìyeyè ni, èmi tí mo sì ti rí omi náà lẹ́yìn òjò ńlá, tí mo tún ti rí i ní àárọ̀ tí ojú ọjọ́ mọ́ kedere, kò rí ìdí tí orúkọ méjèèjì kò fi lè tọ́ sí i.

Máìlì 23 ni odò náà fi gùn kí ó tó wọnú odò ńlá Schuylkill, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà nínú ìlú, bí máìlì méje tí ó kẹ́yìn, ni orí ìwé yìí ń sọ nípa rẹ̀. Ibẹ̀ ni omi ti la àpáta já. Àpáta náà ní ìpele lórí ìpele bí ewé ìwé, orúkọ odò yìí ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sì fi pè é, Wissahickon schist, níbikíbi tí wọ́n bá ti rí irú rẹ̀; ó kún fún mica, ìyẹn àwọn ìpẹ́ wínníwínní tí ń kọ mànà bí oòrùn bá bọ́ sí wọn lára, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé tí ó bá kọ́kọ́ débẹ̀ yóò rò pé ẹnì kan ti fọ́n fàdákà sí ojú ọ̀nà. Igbó tí ìlú dá sí ní ẹ̀gbẹ́ omi tó éékà 1,800, ní 1964 sì ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kà á kún àwọn ohun àdáyébá pàtàkì ilẹ̀ wọn.

Kí a tó di ẹrù, mo fẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé igbó yìí kì í ṣe igbó tí a gbàgbé, tí ó wá hù fúnra rẹ̀ nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún un. Fún ọdún tí ó lé ní àádọ́jọ ni wọ́n fi kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọlọ jọ sí etí odò yìí, èyí ń lọ ọkà, èyí ń ṣe ìwé, èyí ń lagi, gbogbo wọn ni omi ń yí, gbogbo wọn ni wọ́n sì ń da ìdọ̀tí wọn padà sínú omi kan náà tí ó ń bọ́ wọn. Nígbà tí ó yá, ìbẹ̀rù mú àwọn ará ìlú, nítorí Schuylkill ni wọ́n ń mu, Wissahickon sì ń tú ara rẹ̀ dà sínú Schuylkill. Ìdí nìyí tí àwọn aláṣẹ Fairmount Park fi gba àfonífojì náà ní 1868, tí wọ́n mú àwọn ọlọ náà kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì jẹ́ kí igi padà sí ipò baba wọn. Ní nǹkan bí 1920, tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti gba gbogbo ìlú, wọ́n ní ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ọ̀nà etí odò náà, orúkọ tí ọ̀nà náà sì ń jẹ́ títí di òní ni Forbidden Drive, ọ̀nà èèwọ̀ gan-an, tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ni èèwọ̀ rẹ̀. Láti 1924 ni ẹgbẹ́ Friends of the Wissahickon sì ti ń tún ipa ọ̀nà ṣe, tí wọ́n ń gbin igi, tí wọ́n ń ṣa ìdọ̀tí. Wọ́n máa ń sọ pé omi tí ènìyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀. Níhìn-ín, àwọn tí yóò mu omi náà ló dìde tí wọ́n ṣọ́ ọ. Ibòòji tí à ń lọ jókòó sí abẹ́ rẹ̀ yìí, ènìyàn ló pa èèwọ̀ mọ́ kí ó tó wà, bí a bá sì ti mọ èyí, a óò mọ irú ẹsẹ̀ tí ó yẹ kí a fi tẹ ilẹ̀ rẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ bàtà. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, ilé ìsìn ni mo ti ń bọ̀, bàtà aláwọ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dán ni mo sì wọ̀, mo rò pé ẹ̀bá odò ni mo ń lọ, ẹ̀bá odò kò sì le ju kí a rìn ín jẹ́jẹ́ lọ. Mo fi ẹsẹ̀ lé òkúta pẹlẹbẹ kan tí ó tutù, kí n tó ṣẹ́jú, mo ti na gbalaja, ọrùn ọwọ́ òsì mi sì wú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Schist tí omi bá ti kàn a máa yọ̀ ju ilá lọ. Nítorí náà, ẹ wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín, tí ó di ọrùn ẹsẹ̀ mú bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ sì jẹ́ kí ṣòkòtò yín gùn, kí ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ohun yòówù kí oòrùn máa sọ. Kì í ṣe nítorí ẹ̀gún nìkan. Eégbọn ibẹ̀, tí ó kéré tó hóró ọkà bàbà, ń gbé ara àgbọ̀nrín àti eku, ó sì ń kó àìsàn Lyme ran ènìyàn. Bí ẹ bá délé, ẹ tú aṣọ, ẹ wo abíyá, ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún, ẹ wo ìdí irun àwọn ọmọ, kí ẹ tó jókòó jẹun. Ewéko kan sì wà tí ń fà mọ́ igi, tí ewé rẹ̀ máa ń wà ní mẹ́ta mẹ́ta lórí ọ̀pá kan. Ẹ má fọwọ́ kàn án, nítorí oje rẹ̀ a máa bó ara bí omi gbígbóná.

Omi mímu, láti ilé ni. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé omi odò náà mọ́ lójú, ẹni tí a bí sí etí odò ní ilé wa sì lè rò pé omi tí ń ṣàn kò lè ṣe òun ní nǹkan. Ṣùgbọ́n kí odò yìí tó wọ ìlú, ó ti gba omi tí àwọn ilé ìtọ́jú omi ẹ̀gbin ń tú sínú rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, òjò sì ń gbá ìdọ̀tí títì kún un. Ìgò omi méjì fún àgbàlagbà kan, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, mọ́ínmọ́ín tí a fi ewé pọ́n, èyí tó. Ohun tí a fi di oúnjẹ gbọ́dọ̀ bá wa padà délé.

Àkókò wo ni kí a lọ? Ìgbà gbogbo ni odò náà ń gba àlejò, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn oṣù Ọ̀wàrà ju gbogbo ìyókù lọ, nígbà tí ewé bá di aláwọ̀ ìyeyè àti pupa, tí gbogbo àfonífojì náà sì dà bí inú ilé tí a tan fìtílà sí lọ́sàn-án. Nínú ooru Agẹmọ àti Ògún, ẹ lọ ní kùtùkùtù. Láti oṣù Ọ̀pẹ títí dé Èrèlè, yìnyín a máa bo òkúta, ẹni tí kò bá ní irin ìdè bàtà kí ó dúró sí ọ̀nà gbọ̀ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n àkókò kan wà tí mo ń bẹ gbogbo ẹni tí ó bá ń ka ìwé yìí pé kí ó má lọ rárá, ìyẹn ni ọjọ́ òjò líle àti ọjọ́ kejì rẹ̀. Ẹ̀bá àfonífojì ga, ilẹ̀ ìlú tí ó yí i ká sì jẹ́ kọnkéré, kò lè mu omi. Gbogbo òjò orí òrùlé àti ojú títì ló ń sáré wọnú odò kan ṣoṣo yìí. Àwọn tí ó wà ní Philadelphia ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án 2021, nígbà tí ìjì Ida kọjá, rí i bí Schuylkill ṣe gun òkè wọ títì ọkọ̀ Vine Street tí ó bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ odò náà kì í ṣe ohun tí à ń fi ojú kékeré wò bí inú bá ń bí ìyá rẹ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ọ̀nà kan kò sì wọ Wissahickon. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọkọ̀ ojú irin, nítorí ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ tirẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ padà síbi tí ó gbé e sí, kò sì ní lè bá omi lọ dé òpin. Láti àárín ìlú, ẹ wọ ọkọ̀ SEPTA tí ń lọ sí Chestnut Hill West, kí ẹ sọ̀ ní ibùdó St. Martins, Springfield Avenue wà níbẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e lọ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn láàárín àwọn ilé olókùúta àti igi ńláńlá, fún bí máìlì kan, títí tí ilẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ omi kí ẹ tó rí i. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni afárá wà, ilé oúnjẹ funfun kan tí wọ́n ń pè ní Valley Green Inn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, tí ó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 1850. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ lò ó, nítorí ìkejì jìnnà.

Láti ibí yìí, ẹ má tíì kọjú sí ìsàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gòkè lọ ní bí máìlì kan, lórí ọ̀nà èèwọ̀ náà, tí ó gbòòrò, tí ó tẹ́jú, tí ó jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, tí ìyá àgbà lè rìn, tí a sì lè ti ọmọ ọwọ́ nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ óò pàdé àwọn tí ń sáré, àwọn oníkẹ̀kẹ́, àwọn tí ń mú ajá rìn, àti ẹlẹ́ṣin nígbà mìíràn. Ẹlẹ́ṣin ni ó ni ọ̀nà, ẹ yà fún un, ẹ má sì pariwo lẹ́bàá ẹṣin. Ohun kan dùn mọ́ mi níbẹ̀: àwọn ènìyàn tí kì í wo ara wọn lójú nínú bọ́ọ̀sì a máa kí ara wọn ní etí odò yìí. Nínú oṣù Igbe ẹ óò rí àwọn apẹja tí omi dé wọn lórúnkún, nítorí ìjọba ìpínlẹ̀ Pennsylvania a máa da ẹja trout sínú odò náà. Ẹni tí ó ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí ó tó ju ìwọ̀ sínú omi.

Ní ọ̀gangan Rex Avenue, ẹ gbójú sókè sí òdìkejì odò. Lórí àpáta tí ó yọrí láàárín igi, jagunjagun Lenape kan kúnlẹ̀ níbẹ̀, òkúta funfun ni, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó ń wo ìhà ìwọ̀ oòrùn, ìhà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà lọ nígbà tí wọ́n lé wọn kúrò. John Massey Rhind ló gbẹ́ ẹ ní 1902, orúkọ Tedyuscung, olórí Lenape kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ni wọ́n sì fi ń pè é. Fìlà ìyẹ́ tí ẹni tí ó gbẹ́ ère náà dé e kì í ṣe ti Lenape, ti àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ jíjìnnà ni, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹni tí ó bá mú ọmọ lọ síbẹ̀ sọ èyí fún un. Síbẹ̀ àgbàlagbà tí ó ti fi ilẹ̀ baba rẹ̀ sílẹ̀ rí kò ní wo ọwọ́ tí ó fi ṣíji bo ojú yẹn lẹ́ẹ̀kan kí ó kọjá. Díẹ̀ sí i lókè, afárá onígi pupa tí ó ní òrùlé wà lórí odò, Thomas Mill, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí wọ́n tún kọ́ ní 1939. Ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ dúró, ẹ gbọ́ bí omi ṣe ń dún lábẹ́ pákó. Lẹ́yìn náà ẹ padà.

Bí ẹ bá ti padà dé Valley Green, ọ̀nà pín sí méjì, ibẹ̀ ni kí olúkúlùkù mọ ara rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ìrọ̀rùn kí ó máa bá Forbidden Drive lọ. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá gbà, kí ó sọdá afárá sí ìhà ìlà oòrùn, kí ó wá àmì ọ̀dà aláwọ̀ ọsàn lára igi, kí ó sì tẹ̀ lé e. Tóóró ni ọ̀nà yìí. Ó ń gun òkúta, ó ń sọ̀ kalẹ̀, gbòǹgbò igi ń dí i, ó sì ń ti ènìyàn súnmọ́ omi débi pé ìrì rẹ̀ ń fọ́n sí i lára. Ẹ má kánjú níbẹ̀. Bí ojú bá balẹ̀, a rí imú, ojú tí ó bá balẹ̀ ní ọ̀nà yìí yóò sì rí ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn aláwọ̀ eérú tí ó dúró ṣinṣin nínú omi bí ẹni tí ń gbàdúrà, yóò gbọ́ àkókó tí ń gbá igi lókè réré, yóò sì rí bí àpáta ṣe ń sun omi láti inú ìpele rẹ̀ ní ẹ̀kán ẹ̀kán bí ooru tilẹ̀ ń mú.

Kò pẹ́ tí a ó fi dé ibi tí odò kékeré Cresheim ti pàdé Wissahickon, nínú ìbú dúdú kan tí àpáta gíga yí ká, tí wọ́n ń pè ní Devil's Pool. Ó lẹ́wà, èmi kò ní purọ́, ẹwà rẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà ooru ni àwọn ọ̀dọ́ ń gun orí àpáta náà láti bẹ́ sínú omi. Wọn kò rí ìsàlẹ̀, òkúta wà nísàlẹ̀, àwọn kan ti fi ara pa, àwọn kan sì ti kú. Òfin kò gba ìwẹ̀ níbẹ̀ tàbí níbi kankan nínú odò náà. Ẹ̀yin òbí, ẹ di ọwọ́ ọmọ yín mú, bí ó tilẹ̀ ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí ó ń wò yín ní ìwò tí ojú fi ń tì í láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ìbú náà, ẹ simi, ẹ máa lọ.

Ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, afárá irin kan tí ó ká bí ìka ọwọ́ so àpáta méjì pọ̀. Fingerspan ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Jody Pinto, 1987. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí àpáta mìíràn, ère ọkùnrin kan dúró nínú aṣọ àwọn ẹlẹ́sìn Quaker, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sì gbẹ́ sí ìdí rẹ̀, tí ó túmọ̀ sí ìfaradà fún ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni. Ibẹ̀ ni ó ti wà láti 1883. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní ibẹ̀ ni obìnrin kan tí ń jẹ́ Mom Rinker máa ń jókòó sí nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà, tí ó ń ṣe bí ẹni ń hun òwú, tí ó sì ń ju bọ́ọ̀lù òwú tí ó fi ìwé pamọ́ sí inú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun Washington. Láti ibẹ̀ ẹ óò rí afárá Walnut Lane tí ó gba orí àfonífojì kọjá, kọnkéré tí ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1908, kò sí irú rẹ̀ tí ó gùn tó o ní ayé.

Fóònù a máa ṣòfo nínú àfonífojì yìí, nítorí àpáta ń dí i lójú. Ẹ gba máàpù sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ sọ fún ẹnì kan wákàtí tí ẹ óò padà, ẹ sì rántí pé òkùnkùn a máa tètè ṣú nísàlẹ̀ nígbà tí òkè ṣì ń rí oòrùn. Gbogbo ìrìn náà tó máìlì méje sí mẹ́jọ. Wákàtí mẹ́rin ni mo máa ń fún un, nítorí mo máa ń dúró.

Ọ̀nà yòówù tí ẹ bá gbà láti Valley Green, nígbà tí ẹ bá dé ibi tí Forbidden Drive parí sí, ariwo ọkọ̀ yóò padà wọ etí yín, nítorí ọ̀nà yóò máa bá Lincoln Drive lọ ní ẹ̀gbẹ́ odò. Ẹ fara dà á, bí máìlì kan àti díẹ̀ ni. RittenhouseTown wà nítòsí ibẹ̀, níbi tí William Rittenhouse ti dá ilé iṣẹ́ ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1690 nínú àwọn ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Amẹ́ríkà. Nínú igbó òkè sì ni Johannes Kelpius àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Jámánì tẹ̀ dó sí ní 1694, tí wọ́n ń gbàdúrà, tí wọ́n ń wo ìràwọ̀, tí wọ́n ń retí òpin ayé.

Ní ìparí, ẹ óò dé Ridge Avenue, níbi tí omi ti fò kọjá ìdènà odò kan, tí ó kọjá lábẹ́ afárá, tí ó sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú Schuylkill. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Omi yìí yóò máa ṣàn lọ sí àárín ìlú, yóò kọjá lábẹ́ afárá South Street, níbi tí àwọn ènìyàn dúdú Philadelphia ti ń ṣe ọdún kan láti 1975, tí wọ́n sọ ọ́ ní Ọdúndé ní èdè tiwa. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù Òkúdù ni wọ́n máa ń wọ aṣọ funfun, tí wọ́n máa ń lu ìlù, tí wọ́n máa ń gbé èso àti òdòdó lọ sí etí Schuylkill fún Ọ̀ṣun, Yèyé olómi tútù. Èmi ti dúró láàárín wọn rí, mo wo àwọn òdòdó náà bí omi ti ń gbé wọn lọ, mo sì mọ àpáta tí omi náà ti là kọjá, mo mọ igi tí ó ṣíji bò ó.

Ibùdó bọ́ọ̀sì Wissahickon kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ sí ìdènà odò Ridge Avenue náà, bọ́ọ̀sì tí ń padà sí àárín ìlú sì ń ti ibẹ̀ gbéra. Ẹ gbọn ẹrẹ̀ bàtà yín kí ẹ tó wọkọ̀.